Igba Tí Alága Gbà

Ẹ dìde ná. Mo mọ̀ pé ẹ ti jókòó jẹ́jẹ́ yín, ẹ sì ti fẹ̀yìn ti nǹkan, ṣùgbọ́n a fẹ́ dárúkọ Alága, òfin ọ́fíìsì wọn sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ náà níjòókòó. Ó wà nínú ìwé àṣẹ kẹrìnlá. Orúkọ ọ̀hún nìyí: Olóyè Dókítà Philip Ògúnṣọlá, Alága Àgbà fún Àjọ Eré Ìtàn, Adé Orí Gbogbo Òṣìṣẹ́, Bàbá Kọ̀ǹpútà. Ó tó, ẹ lè jókòó. Ní ti oyè Dókítà yẹn, ẹ má bi mí ibi tí ó ti rí i. Ó ṣàdédé bá a lára lọ́jọ́ kan ni, kò sì kúrò mọ́.

Iṣẹ́ Àjọ Eré Ìtàn kò le rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe gémù orí kọ̀ǹpútà tó sọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọn yóò sì buwọ́ lù ú kí àwọn ilé ìwé lè máa lò ó. Láti ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, gémù kan ṣoṣo ló tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà ní olú ọ́fíìsì ní Ọ̀yọ́, mẹ́ta péré ló wà ní ẹ̀ka Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti Ọ̀yọ́, méjì ló mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì ló mọ bí wọ́n ṣe ń pa á.

Ohun kan ṣoṣo ni Alága ń wá láyé ní ọdún tí mò ń sọ yìí: sáà kejì. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ń lọ sópin, ìjọba sì ti kọ̀wé pé ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò kan yóò wá láti Ìbàdàn lọ́jọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù láti wò ó bóyá kó máa bá iṣẹ́ lọ tàbí kó máa lọ sílé. Bí ẹ bá rò pé ìwọra lásán ló ń dà á láàmú, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Kí ó tó di Alága, ọdún méjìlélógún ló fi jókòó ti tábìlì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba kan, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ kìkì láti bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, yàrá wo ni ọ̀gá wà?" Ọdún méjìlélógún, ó ń nawọ́ sí ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Ẹ̀rù ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ń bà á gan-an. Nígbà mìíràn, bó bá ń jẹun, á rántí rẹ̀, á sì ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ju gbogbo aago yòókù lọ. Ní aago mẹ́sàn-án, Safurat, akọ̀wé àgbà rẹ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú máíkì lọ́wọ́, á máa ka ohun tí wọ́n ń pè ní Ìròyìn Ìdé.

"Alága ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò! Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ gbé!"

Àwọn òṣìṣẹ́ á pàtẹ́wọ́.

"Alága ti wo òkè! Òjò ò ní rọ̀ lónìí!"

Wọ́n á tún pàtẹ́wọ́. Bí òjò bá wá rọ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, Safurat á ní òjò náà kò lè pa á mọ́ra ni, ó fẹ́ fojú kan Alága. Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ tí Mùjídàt dé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Mùjídàt. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ní yàrá kékeré kan ní Ọjà Igbó, lókè ṣọ́ọ̀bù ibi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi ọdún mẹ́ta gbáko ṣe gémù tí wọ́n sọ lórúkọ ní Agboolé. Òun ni gémù kan ṣoṣo tí mo ní ó dé ọ̀dọ̀ àjọ. Bí Alága bá buwọ́ lù ú, àwọn ilé ìwé á gbà á. Ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Alága, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, sà. Agboolé mẹ́fà ló ń bá ara wọn du ipò. Àwọn jagunjagun Ìkòyí wà ńbẹ̀, àwọn oníṣòwò wà ńbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ẹ máa mú ọ̀kan, ẹ máa wá gbìyànjú láti gbé e dókè."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e dókè?" Alága bi í, ó sì sún síwájú. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń dókè máa ń yé e tètè.

"Ohun mẹ́ta ni, sà. Ti àkọ́kọ́ ni àká: ṣé oúnjẹ wà nílé? Ìkejì ni ìfọkàntán: ṣé àwọn èèyàn fọkàn tán yín? Ìkẹta ni iyì. Tí ẹ bá ní kí wọ́n kì yín, iyì á gòkè. Tí ẹ bá gẹṣin yí ìlú ká, iyì á gòkè. Àmọ́ inú ìfọkàntán ni iyì ti ń jẹ, sà. Tó bá wá di pé iyì fi ìlọ́po mẹ́ta ju ìfọkàntán lọ, Ìgbìmọ̀ Àgbà tó wà nínú gémù á dìde, wọ́n á wá..."

"Ó ti yé mi," ni Alága wí. Kò yé e. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin náà ti dárúkọ iyì ni etí rẹ̀ ti di sí gbogbo ohun yòókù. "Iyì tèmi, ọgọ́rùn-ún ni kó ti bẹ̀rẹ̀."

"Ọgọ́rùn-ún ni ibi tó ga jù, sà."

"Ṣé ibòmíràn lo fẹ́ kí n ti bẹ̀rẹ̀ ni? Kí ó sì má lè wálẹ̀."

"Sà, tí iyì ò bá lè wálẹ̀, ìfọkàntán nìkan ló máa—"

"Alága ti sọ̀rọ̀," Safurat dá sí i láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń tún gémù náà ṣe láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Alága ní kí wọ́n yọ orúkọ agboolé kan kúrò kí wọ́n fi Agboolé Ògúnṣọlá rọ́pò rẹ̀. Ó ní àwòrán inú gémù ti pọ̀ jù, àwòrán odò, àwòrán ẹṣin, àwòrán igi oríṣiríṣi, kí sì ni iṣẹ́ igi nínú ìtàn? Ó pàṣẹ pé gbogbo ibi tí àwòrán kan bá ti tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, fọ́tò òun ni kí wọ́n fi síbẹ̀, èyí tí òun ti rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá fara mọ́ ojú ẹ̀rọ, ó fi awò ojú rẹ̀ lé orí imú, ó sì fún ojú pọ̀.

"Àwọn wínníwínní wo ló wà lórí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí?"

"Àmì ohùn ni, sà."

"Ó dà bí ìgbà tí eṣinṣin ṣu síbẹ̀. Kó gbogbo ẹ̀ kúrò."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Yorùbá ò ṣe é kà dáadáa láìsí àmì."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní Yorùbá? Wọ́n bí mi sínú ẹ̀ ni. Ohunkóhun tí mo bá kà, màá mọ̀ ọ́n."

"Alága máa ń mọ ohun tí wọ́n bá kà," ni Safurat wí, "kódà kí wọ́n tó kà á."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wo àwọn ohun wínníwínní tó wà lórí àwọn lẹ́tà yìí, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mùjídàt padà sí Ọjà Igbó, ó gbé ìbínú dé ilé, ó sì ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Kí ni ì bá ṣe? Ìbuwọ́lùwé ọkùnrin náà ni ọdún mẹ́ta òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ so mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ló gbé e padà wá, Alága sì jókòó láti dán an wò níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹ ò rí ìjọba rí! Ó pe àwọn jagunjagun Ìkòyí kúrò ní ojú ààlà pé kí wọ́n wá kọrin fún òun. Ó ní kí àwọn àgbẹ̀ ju ọkọ́ sílẹ̀ kí wọ́n wá wo bí òun ṣe ń gẹṣin. Nígbà tí ọ̀tá wọ ìlú láti apá òkè, ó ní kí wọ́n dúró dè òun, òun ń gẹṣin lọ́wọ́. Lápá ọ̀tún ojú ẹ̀rọ náà, iyì dúró digbí lórí ọgọ́rùn-ún. Lápá òsì, níbi tí Alága kò wò rárá, ìfọkàntán ti ń bọ̀ wálẹ̀ láti ọgọ́ta sí ogójì, láti ogójì sí ọgbọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́fà kò tíì pé tí gbogbo ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Orin dákẹ́. Fọ́tò Alága yọ gàdàgbà, ó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ kan sì hàn lábẹ́ rẹ̀ pé:

IGBIMO TI GBE IGBA WA FUN YIN. E GBA IGBA.

Alága dìde dúró. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sínú, ó wá kà á síta: "Ìgbìmọ̀ ti gbé igba wá fún yín. Ẹ gba igba!"

"Igba!" ni Safurat fi igbe ta. "Nínú ọgọ́rùn-ún!"

Ilé rú. Àwọn kan ń fò sókè, àwọn kan ti dọ̀bálẹ̀. Akápò ọ́fíìsì wọn dì mọ́ ọwọ̀n ilé, ó ń sunkún ayọ̀. Mùjídàt la àárín wọn kọjá dé iwájú tábìlì.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe igba. Igbá ni."

"Igba náà ni mo wí."

"Igbá, sà. Ohùn òkè ni."

"Ta lo ń gbóhùn sókè sí?" ni Alága jágbe. "Nínú ọ́fíìsì mi?"

"Mi ò gbóhùn sókè, sà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ní ohùn òkè."

"Ó tún ń gbó mi lẹ́nu! Ẹ mú un jáde!"

Wọ́n mú un jáde. Nígbà tí wọ́n dé ìta, ọ̀kan nínú àwọn tó mú un lọ́wọ́ bẹ̀ ẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó fi ọ̀gá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọjọ́ tí inú ọkùnrin yẹn bá dùn nìkan ló máa ń rántí buwọ́ lu ìwé.

Láti ọjọ́ yẹn ni igba ti gba ọ́fíìsì. Ìwé àṣẹ kẹẹ̀ẹ́dógún jáde pé gbogbo òṣìṣẹ́ gbọdọ̀ kí Alága ní ìgbà igba láràárọ̀. Ọkùnrin kan kí i dé ìkẹtàdínlógóje, ó ṣi í kà, wọ́n sì ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lu tí ẹ káàárọ̀ kò tíì tán lẹ́nu wọn, wọ́n sì palẹ̀ mọ́, wọ́n lọ sílé. Tíì Alága, ìgbà igba ni wọ́n ń fi ṣíbí pò ó, nítorí náà tútù ló ń mu ún, ó sì ní bí àwọn èèyàn ńlá ṣe ń mu ún nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé igba kí ni. Nígbà tí ẹnì kan tiẹ̀ fẹ́ bèèrè, wọ́n wò ó títí tó fi ní òun fẹ́ sín ni.

Kí ó má baà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà parí sí ọ́fíìsì, Alága fi oyè tuntun jẹ ara rẹ̀. Ó ní ẹni tó gba igba, Onígba ni. Wọ́n tẹ bánà gbọ̀ọ̀rọ̀ kan, wọ́n gbé e kọ́ sí Owódé níbi tí gbogbo ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ ti ń kọjá. Àmì kankan kò sí lórí rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè sí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: E WA WO ALAGA ONIGBA NI OJOBO. IGBA LO GBA.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ kà á bí ẹnikẹ́ni tó mọ Ọ̀yọ́ yóò ṣe kà á. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, àwọn obìnrin mẹ́ta ti dúró sẹ́nu géètì, wọ́n ń bèèrè bóyá Alága onígbá ń ta èyí tí wọ́n fi ń bomi. Bàbá Mùílì tó ń fín igbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń fi ọ̀bẹ ya ewé àti ẹyẹ sára igbá, kò sì gbọ́ ọ rí pé ẹni ìjọba kan ka iṣẹ́ náà sí débi pé ó fi í jẹ oyè. Inú rẹ̀ dùn. Ó mú igbá tó tóbi jù nínú ìsọ̀, ó fi ọjọ́ márùn-ún fín in, ó ṣe ọmọrí sí i, ó sì pinnu pé òun á gbé e lọ fún Alága lọ́wọ́ ara òun lọ́jọ́bọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ìdùnnú Alága kò lè bò mọ́lẹ̀, ìyẹn ni Kabir, olórí ẹ̀ka Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn kan ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bí ìjọba bá lé Alága, Kabir ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Alága kò lè sùn nítorí rẹ̀. Ó wá kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò, lẹ́tà tó kún ojú ewé mẹ́sàn-án, mẹ́jọ nínú rẹ̀ jẹ́ ìkíni. Ní ojú ewé kẹsàn-án ló ti kọ ọ́ pé:

"Mo fẹ́ kí èmi àti olórí ẹ̀ka wa ta gémù yìí níwájú yín. Kì í ṣe eré rárá, ìdánwò ọ̀nà ìṣèjọba ni. Ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì tí Ìgbìmọ̀ inú gémù bá kọ̀, kí ìjọba náà kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, láìsí ẹ̀bẹ̀, láìsí àròyé."

Ó buwọ́ lù ú, ó fi òǹtẹ̀ lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá sọ fún un pé Kabir ti mú agboolé àwọn àgbẹ̀, pé ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tó ti ń kọ ebè iṣu lórí kọ̀ǹpútà, kò sì tíì sẹ́ni tó kì í. Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ pé. Gbọ̀ngàn kún. Ẹni tó ṣáájú ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò ni Màmá Àyìnkẹ́, ọmọ Ọ̀yọ́ tòótọ́, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn kó tó fẹ̀yìn tì. Ó jókòó síwájú, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Bàbá Mùílì jókòó sí ìlà kejì, ó gbé igbá rẹ̀ lé itan tirẹ̀. Mùjídàt wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù.

Alága gba máíkì.

"Ẹ̀yin èèyàn ayé," ó bẹ̀rẹ̀, "àti ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wá sáyé ṣùgbọ́n tí ẹ ó gbọ́! Lónìí, ọjọ́ fúnra rẹ̀ tètè jí. Kí wọ́n tó bí mi, kọ̀ǹpútà wà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń ṣe. Ìgbà tí wọ́n bí mi, dókítà wo ojú mi, ó ní, 'Ọmọ yìí máa ṣe alága.' Wọ́n bi í pé alága kí ni. Ó ní, 'Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá àga!'"

Gbogbo òṣìṣẹ́ kígbe. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀, ó sì wà ní ọmọ ọdún méje nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ nígbà tí Màmá Àyìnkẹ́ wo aago.

"Ẹ ṣeun, Alága. Ẹ jẹ́ ká wo gémù náà."

Kabir ló kọ́kọ́ ta tirẹ̀. Kò kúkú dùn-ún wò. Ó gbin iṣu, ó tún afárá kan ṣe, ó bá àwọn jagunjagun Ìkòyí sọ̀rọ̀, ó sì fún wọn lóúnjẹ kí wọ́n tó padà sójú ààlà. Nígbà tí yóò fi ṣe tán, àká kún, ìfọkàntán lé ní ọgọ́rin, iyì jẹ́ mẹ́sàn-án. Ìgbìmọ̀ inú gémù kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde fún un: E JOKO.

"Mẹ́sàn-án!" ni Alága wí fún Safurat, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ káàánú ọkùnrin náà.

Ó wá kan òun. Ó jókòó, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gẹṣin. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló gbà á lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ó ti mọ ọ̀nà. Ojú ẹ̀rọ ńlá tó wà lára ògiri ṣókùnkùn, fọ́tò rẹ̀ yọ, ó tóbi tó ilé, ọ̀rọ̀ náà sì hàn sí gbogbo gbọ̀ngàn. IGBIMO TI GBE IGBA WA FUN YIN. E GBA IGBA.

Alága na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ní ìlà kejì, Bàbá Mùílì náà ń kà á. Ó kà á bí ẹni tó ti ń fín igbá láti ogójì ọdún, ó sì rí i pé wọ́n ń pe òun ni. Ó dìde, ó bọ́ fìlà, ó gbé igbá náà gba àárín ìlà kọjá, ó tẹrí ba díẹ̀ níwájú Alága.

"Ẹ gbà á, sà. Èmi ni mo fín in."

Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé ó wà lára ètò, wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága náà rò ó bẹ́ẹ̀. Ó ti ń ronú láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà pé lọ́nà kan tàbí òmíràn igba náà gbọdọ̀ dé òun lọ́wọ́, ó sì dá a lójú pé inú nǹkan dáadáa ni wọn yóò gbé e sí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ṣí ọmọrí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ó tún wò ó.

Ìgbà yẹn ló wá ṣàkíyèsí pé àtẹ́wọ́ ti dáwọ́ dúró. Àwọn àgbà tó wà lápá òsì ti bojú. Ẹnì kan wí lẹ́yìn pé, "Yéè, ó tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Màmá Àyìnkẹ́ kọjú sí Mùjídàt. "Ṣé ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kà á fún mi bí o ṣe kọ ọ́."

Mùjídàt dìde. Kò gbé ohùn sókè rárá, àfi ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ní kó gbé e. "Ìgbìmọ̀ ti gbé igbá wá fún yín. Ẹ gba igbá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹni tí kò bá mọ̀. Láyé àtijọ́, bí ọ̀rọ̀ ọba bá ti sú Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìgbìmọ̀ tó ń fọba jẹ, wọn kì í bá a jà, wọn kì í bú u. Igbá òfìfo ni wọ́n máa ń gbé fún un. Bó bá ti ṣí i, ó ti tán nìyẹn, wọ́n ti kọ̀ ọ́, kò sì sí ọba tó ń ti ìdí igbá yẹn bọ̀. Kò sí ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Alága náà mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ̀ àgbà ló sọ ọ́ fún un nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì dúró sáàárín gbọ̀ngàn ní Ọ̀yọ́, ojú gbogbo èèyàn ń wò ó, igbá òfìfo wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọrí wà lọ́wọ́ òsì. Ìtìjú mú un láti àtẹ́lẹsẹ̀.

"Àṣìṣe ni," ó wí. "Ọ̀rọ̀ àmì lásán ni, mà!"

"Ta ló yọ àmì kúrò?"

"Alága ni, mà!" ni Safurat dáhùn kíá. "Mo wà ńbẹ̀! Mo tiẹ̀ ní kí wọ́n má yọ ọ́!"

Ẹ̀yin àti èmi la jọ gbọ́ ohun tó sọ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Màmá Àyìnkẹ́ yọ lẹ́tà kan nínú báàgì rẹ̀, ó ṣí i dé ojú ewé kẹsàn-án. "Ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì tí Ìgbìmọ̀ inú gémù bá kọ̀, kí ìjọba náà kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣé ọwọ́ yín ló wà nídìí èyí?"

"Eré ni, mà. Gémù lásán ni."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbí pé kì í ṣe eré rárá." Obìnrin náà ká lẹ́tà pọ̀. Kò yọ̀ ọ́, ojú àánú ló fi ń wò ó. "Ẹ má bínú, Alága. Èmi ò tíì kọ̀ yín. Mo wá síbí láti bi yín ní ìbéèrè mélòó kan ni, mo sì ti fẹ́ jẹ́ kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ẹ̀yin lẹ kó ara yín sí i."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà, èyí ló dùn ún jù.

Gbogbo rẹ̀ kò gba ogún ìṣẹ́jú mọ́. Màmá Àyìnkẹ́ buwọ́ lu gémù Mùjídàt lórí itan rẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí gbogbo àmì padà sípò wọn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ilé ìwé kankan. Mùjídàt dì mọ́ láptọ́ọ̀pù rẹ̀ bí ẹni tó di ọmọ mọ́ra, ó ń sunkún. Wọ́n ní kí Kabir máa di ipò náà mú ná. Bí ó ṣe ń bọ̀ wá síwájú, Safurat ti gba máíkì. "Alága tuntun ti dìde! Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, ẹsẹ̀ òsì ló sì dáa jù!" Kabir ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Safurat, ẹ jókòó." Safurat kígbe pé, "Alága ti ní ká jókòó!" gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́.

Bàbá Mùílì nìkan ló tọ ọkùnrin náà lọ. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, sà. Mi ò mọ̀ pé igbá ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n ń sọ." Ó rọra gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé ọmọrí, ó sì gbé e lọ.

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nígbà tó jáde. Ilé rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sí ọ̀nà mìíràn ju kó fẹsẹ̀ rìn dé gáréèjì. Agbádá funfun ló wọ̀, eruku sì ti pọ́n ọn létí nígbà tó débẹ̀. Mọ́tò kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Dírẹ́bà dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń fi gbogbo agbára ké.

"Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnì kan! Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnì kan péré! Ẹnì kan là ń dúró dè o!"

Ọkùnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ó dúró bí ó ṣe máa ń dúró, kí ẹnì kan lè wá ṣílẹ̀kùn, kí ẹnì kan sì kéde rẹ̀. Oòrùn mú. Àwọn èrò inú mọ́tò ń ráhùn pé ooru ti ń pa àwọn, pé ta ni wọ́n tún ń dúró dè. Dírẹ́bà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá wo òun.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni?"

Ó la ẹnu. Gbogbo orúkọ rẹ̀ ti tò sí ọ̀nà ọ̀fun, ìkíní dé ìkẹyìn. Ó wo inú mọ́tò náà, ó rí obìnrin kan tó ti ń sún ọmọ rẹ̀ mọ́ra láti fi àyè sílẹ̀ fún un.

"Èmi ni," ó wí.